Pọ́n-ùn, Yúrò àti Orúkọ Mi ní Àkànrán

Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kọkànlá

Òjò ká kòkó tí a sá mọ́ ìta. Irú òjò yìí kò yẹ kó ṣì wà nílẹ̀ lásìkò yìí. A fi tapólì bò ó, a sì wọ ìpàdé pẹ̀lú aṣọ tútù.

Mo fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nípàdé náà sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ìbínú má baà tún un sọ fún mi lọ́nà mìíràn lọ́la.

Bàbá Èṣùgbàyí, alága ẹgbẹ́ oníkòkó wa, ní kí èmi akọ̀wé jíṣẹ́ owó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá àkọ́kọ́. Mo jíṣẹ́ rẹ̀. Mo ní àwọn oníbàárà wa tó ń ṣe ṣokoléètì ní Netherlands ti san án lánàá, yúrò 45,320, ó sì ti wọ àkáǹtì ẹgbẹ́. Alàgbà Elijah dìde kí n tó jókòó.

"Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tètè pàtẹ́wọ́. Ogójì ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn la ta kòkó. Lọ́jọ́ tí a tọwọ́ bọ̀wé níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, níbí yìí, Akọ̀wé ní ó jẹ́ yúrò 45,880. Ẹ gbọ́ ọ, àbí ẹ ò gbọ́?"

Wọ́n ní àwọn gbọ́.

"Mo tún pe àbókí tó ń ṣẹ́ owó ní ọjà Ṣáṣá fúnra mi láàárọ̀ yìí. Iye tó pè é fún mi, bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 47,000. Pọ́n-ùn kì í ṣe kòkó tútù tí yóò fúyẹ́ bó bá gbẹ. Kí ló ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà?"

"Bóyá eku ni," ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn.

"Bó bá jẹ́ eku, eku tó lọ Pólì ni," Alàgbà dáhùn, torí ó mọ̀ pé Pólì ni mo ti kàwé. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.

Mo ṣàlàyé pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń dá iye kòkó tí àdéhùn wa tẹ̀ lé, pọ́n-ùn ni wọ́n sì fi ń dá a; pé yúrò ni àwọn oníbàárà wa ń ná, yúrò náà ni àkáǹtì wa ń gbà; pé "bó bá jẹ́ òní ni wọ́n san án" ni mo sọ lọ́jọ́ àdéhùn, iye ọjọ́ tí wọ́n bá san án gan-an ni ìwé àdéhùn sì tẹ̀ lé. Mo fi iṣẹ́ tí báńkì fi ránṣẹ́ hàn wọ́n. Alàgbà ní ẹnikẹ́ni lè tẹ irú rẹ̀ jáde lójú títì.

Ìpinnu wọn ni pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ohunkóhun mọ́ títí di ìpàdé òpin ọdún, 20 oṣù tó ń bọ̀. Bí n kò bá lè fi yé wọn nígbà náà ibi tí ìyókù wọlé sí, wọn yóò yọ mí nípò akọ̀wé, wọn yóò sì kéde ìdí tí wọ́n fi yọ mí. Ní ìlú yìí, bí wọ́n bá ti kéde irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun ni wọn yóò máa fi júwe ilé rẹ fún àlejò.

Kí n tó jáde, mo kí Alàgbà. Mo kúnlẹ̀ dáadáa, eékún méjèèjì. N kò fẹ́ kí ó rí ohunkóhun dì mú.

Àìkú, 16

Alàgbà ló darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí Olúwa tú àṣírí gbogbo afẹ́wọ́ tó fara pamọ́ sínú ẹgbẹ́. Àmín tèmi ló ròkè jù lọ nínú ìjọ.

Ajé, 17

Oòrùn padà. A tún kòkó sá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti ń bu.

Ọkọ mi pè láti Ilọrin, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí a wá iye tí wọ́n ń pariwo lé lórí, kí a kó o fún wọn, kí ariwo sì parí. Mo bi í bóyá ó mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó bá dá owó tí kò jí padà. Mo kí i pé ó dàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni.

Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní: kí ló mú kí pọ́n-ùn kan náà ra yúrò 45,880 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, kó sì ra 45,320 ní ọjọ́ tí wọ́n san án? Èkejì: báwo ni àbókí Ṣáṣá ṣe rí iye tó ju méjèèjì lọ? Alàgbà pa ìbéèrè méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, ó sì fi èmi ṣe ìdáhùn.

Kí ìṣirò lè rọrùn, ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn kan ni n ó máa fi wọ̀n ọ́n. Ní ìgbà àdéhùn: yúrò 1,147. Ní ọjọ́ ìsanwó: 1,133. Àràárọ̀ ni n ó máa wò ó lórí fóònù, lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dúró.

Ìṣẹ́gun, 18

Mo ti rí àléébù ọ̀nà tí mo gbà ń wò ó. Pọ́n-ùn àti yúrò dà bí ọ̀kadà méjì tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà Àkànrán. Bí ọ̀kan bá kù sẹ́yìn, ẹni tó ń wò wọ́n kò lè sọ bóyá òun ló dẹwọ́ tàbí ìkejì ló tẹná. Ó di dandan kí n wá igi kan lẹ́bàá ọ̀nà tí n ó fi wo àwọn méjèèjì. Dọ́là ni mo fi ṣe igi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ọ̀hún náà ń rìn.

Mo wá ohun tó ṣẹlẹ̀ láti oṣù kẹwàá. Àwọn méjèèjì ló bọ́ sẹ́yìn fún dọ́là, ṣùgbọ́n pọ́n-ùn bọ́ ju yúrò lọ dáadáa. Nítorí náà, Ìlú Ọba ni kí n wò, kì í ṣe Netherlands.

Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ohun tí mo rò ni pé èlé ni yóò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Báńkì àpapọ̀ Ìlú Ọba ń san èlé mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún; ti àwọn ìlú tó ń ná yúrò ń san méjì. Bí mo bá jẹ́ olówó, ibi tí wọ́n ti ń san mẹ́rin ni n ó gbé owó mi lọ, mo sì ní láti kọ́kọ́ ra pọ́n-ùn kí n tó lè gbé e lọ. Bí àwọn tó ń ra pọ́n-ùn bá pọ̀, pọ́n-ùn yẹ kó wọ́n. Kí ló wá dé tó fi ń rẹlẹ̀?

Odidi ọjọ́ kan ni ìbéèrè yìí fi yọ mí lẹ́nu. Mo bi Mùsílímátù, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta gàrí, torí pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ṣé mẹ́rin yẹn máa dúró bẹ́ẹ̀ ni?"

"Wọ́n ń sọ pé àfàìmọ̀ kí wọ́n má gé e kù kí ọdún tó parí."

"O wá ń bi mí? Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ní Ṣáṣá pé tírélà tòmátì ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, ṣebí owó tòmátì á ti já kí tírélà tó dé. Ta ló máa dúró dìgbà tí wọ́n bá já a sílẹ̀?"

Òótọ́ ni. Àwọn tó ń ra owó kì í ra èlé òní. Èlé tí wọ́n rò pé yóò wà lọ́la ni wọ́n ń rà.

Ẹtì, 21

Gàrí ti lọ sílẹ̀ sí ₦700 kóńgò kan. Àwọn tó gbin ẹ̀gẹ́ ń sunkún, àwọn tó ń jẹ ẹ̀bà ń rẹ́rìn-ín. Pọ́n-ùn kò sún.

Àbámẹ́ta, 22

Mo ti rí ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ìròyìn tàn káàkiri ní Lọ́ńdọ̀nù pé ìjọba kò ní gbé owó orí àwọn òṣìṣẹ́ sókè mọ́ nínú ètò ìṣúná tí wọn yóò kà lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Pọ́n-ùn já wálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n san owó kòkó wa.

Ohun tí n kò mọ̀ ni ìdí rẹ̀. Bí wọn kò bá gba owó orí lọ́wọ́ mi, ìdùnnú mi ni. Kí ló dé tí owó ìlú yóò fi tìtorí ìyẹn ṣàìsàn?

Lẹ́yìn tí mo ti yí kòkó lẹ́ẹ̀mejì ni ó tó yé mi. Ká ní ẹgbẹ́ wa fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn, alága sì kéde pé òun kò ní gba ìdáwójọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa yóò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ lọ yá sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní pàtẹ́wọ́. Yóò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí a ó ti rí i san. Ẹni tó ń yá Ìlú Ọba lówó ló bẹ̀rù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́n-ùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì rìn títí ó fi kan wa ní Àkànrán.

Ìbéèrè èkíní ti parí nìyẹn. Yúrò 560 tí wọ́n ní mo jẹ, àwọn ènìyàn tí n kò rí rí ni wọ́n fi ẹ̀rù jẹ ẹ́.

Ó dára láti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró nípàdé tí mo ní mínísítà ètò ìnáwó Ìlú Ọba ló fà á, wọn yóò rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ajé, 24

Mo lọ sí Ṣáṣá pẹ̀lú Mùsílímátù, tó fẹ́ ra ẹ̀wà. Ọkọ̀ ti gbówó lé e, awakọ̀ ní epo ló fà á. Sàníù, àbókí tí Alàgbà pè, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alálùbọ́sà. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní àbókí, Yorùbá Ìsẹ́yìn sì ni.

"Èló ni pọ́n-ùn lónìí?" ni mo bi í.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ fẹ́ tà?"

"Mo kàn fẹ́ mọ iye rẹ̀ ni."

"Kò níye bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ₦1,950. Bí ẹ bá fẹ́ tà, mo lè gbà á lọ́wọ́ yín ní 1,880. Ṣé kí n máa jẹ afẹ́fẹ́ ni?"

"Yúrò ńkọ́?"

"Tí ẹ bá fẹ́ rà, 1,720. Tí ẹ bá mú un wá, 1,660. Àǹtí, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ béèrè yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ wá gbé àpótí tiyín kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni?"

"Mo ń wò ó."

"Ẹ ò lè ṣe é. Ojú yín le jù. Àwọn oníbàárà á sá."

Mùsílímátù rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù. Kí a tó kúrò, mo bi Sàníù bóyá iye rẹ̀ ti yí padà láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó ní kò tíì sún.

Inú ọkọ̀ ni mo ti ṣe ìṣirò náà. Bí mo bá fi iye tó fi ń ta yúrò pín iye tó fi ń ta pọ́n-ùn, ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn jẹ́ yúrò 1,133. Bí mo bá fi iye tó fi ń ra yúrò pín iye tó fi ń ra pọ́n-ùn, 1,132. Ohun tí báńkì san nìyẹn! Àmọ́ bí mo bá mú pọ́n-ùn ní iye tó fi ń tà á, tí mo sì mú yúrò ní iye tó fi ń rà á, ó di 1,174, ogójì ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di yúrò 47,000. Ohun tí Alàgbà kà nìyẹn. Èrè Sàníù lórí pọ́n-ùn àti èrè rẹ̀ lórí yúrò ni Alàgbà pa pọ̀, tó ní èmi ni mo kó o.

Mo sọ ọ́ fún Mùsílímátù. Ó ní, "Ta ló tíì ta pọ́n-ùn rí ní ìlú wa?"

Mo ronú kan gbogbo ilé. Kò sí. Pọ́n-ùn ni a máa ń rà, torí àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ kàwé ní Ìlú Ọba. Yúrò ni a máa ń tà, torí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà ní Ítálì ló ń fi í ránṣẹ́. Alàgbà ra pọ́n-ùn fún ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́dún tó kọjá. Àna rẹ̀ ń fi yúrò ránṣẹ́ sí i lọ́dún Àjíǹde. Ní ti gbogbo Àkànrán, iye kan ṣoṣo ni pọ́n-ùn ní, iye rírà. Iye kan ṣoṣo ni yúrò ní, iye títà. Kò sí ẹni tó tíì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì rí.

Ìbéèrè kejì parí.

Ó yẹ kí ìbínú mi dínkù, níwọ̀n ìgbà tó ti hàn pé ọkùnrin náà kò purọ́. Kò dínkù. Bí ìṣirò rẹ̀ kò bá bá tèmi mu, ohun tí ó kù fún un ni kí ó wá bi mí. Ọ̀nà ilé mi kò jìn sí tirẹ̀.

Ọjọ́rú, 26

Wọ́n ka ètò ìṣúná náà. Wọ́n fi owó orí kún owó orí lóríṣiríṣi ọ̀nà. Pọ́n-ùn gòkè! Ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ti padà sí 1,142. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù burú ju ohun tó dé lọ, nítorí náà ni ara ṣe tù wọ́n. Mo dúró lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ mo ń rẹ́rìn-ín síbi fóònù. Olùkọ́ kan bi mí bóyá ọmọ mi Marvellous ló yege.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo ènìyàn ń ya. Kòkó ń gbẹ dáadáa, ó ń dún bí o bá bù ú lọ́wọ́.

Mo ti ní ìdáhùn tí mo wá, kò sì sí ìdí tí mo fi ní láti máa wo iye náà lárààárọ̀ mọ́. Síbẹ̀ mò ń wò ó. Lónìí mo kà nípa àwọn ará Switzerland, tí owó wọn máa ń wọ́n nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba gbogbo ayé, torí ibẹ̀ ni àwọn olówó ń sá lọ. Owó tó ń jẹ èrè ìbẹ̀rù! N kò ní ohunkóhun tí n ó rà lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́rú, 10

Bàbá Èṣùgbàyí wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa kòkó. Ó jókòó sórí àpò, ó sì ń bá mi ṣà á. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní:

"Akọ̀wé, ṣé o mú un?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó tán."

Mo ní, "Bó bá ti tán, kí ló dé tí ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ èmi nìkan ni. Wọ́n á gbà torí pé mo dàgbà, wọ́n á tún máa sọ ọ́ lẹ́yìn mi. O ò ní fẹ́ irú àforíjì bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ni. N kò fẹ́ ẹ. Bàbá ju kòkó kan tó bu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Fúnra wọn ni kí wọ́n rí i," ó ní. "Má ka ìwé fún wọn o. Tí o bá ti fi Òyìnbó bẹ̀rẹ̀, Elijah ti borí."

Ọjọ́bọ̀, 18

Báńkì Ìlú Ọba gé èlé rẹ̀ kù lónìí, láti mẹ́rin sí mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọn ìlú tó ń ná yúrò kò fọwọ́ kan tiwọn. Pọ́n-ùn kò já. Ó tilẹ̀ gbé orí díẹ̀. Tírélà dé, tòmátì kò sì já, torí ó ti já tẹ́lẹ̀. Mo lọ sọ fún Mùsílímátù. Ó ní, "Mo ti sọ fún ẹ," ó sì ń bá gàrí títà rẹ̀ lọ.

Àbámẹ́ta, 20

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn tí kì í wá ìpàdé wá. Wọ́n fi mí sí iwájú, lórí àga tó dá dúró, bí ìyàwó.

Mo kí ilé. Mo ní mo fẹ́ bi Alàgbà Elijah ní ìbéèrè kan, bí alága bá gbà mí láyè. Alága gbà.

"Alàgbà, ẹ dákun sà. Pọ́n-ùn tí ẹ béèrè lọ́wọ́ àbókí lọ́jọ́sí, ṣé iye tí ẹ ó fi rà á ni, àbí iye tí ẹ ó fi tà á?"

"Iye rẹ̀ ni mo béèrè. Níbo ni mo ti fẹ́ rí pọ́n-ùn tà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dúró kí wọ́n parí.

"Yúrò ńkọ́, sà?"

"Iye tó máa fi gbà á lọ́wọ́ mi. Òun náà ni mo mọ̀."

"Ẹ ṣeun sà. Ṣé ẹ lè bá wa pè é, kí gbogbo ilé máa gbọ́?"

Kò fẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ti wà lára rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà, ó sì ṣí ohùn fóònù sílẹ̀. Sàníù gbé e.

"Bàbá Ìjọ! Ṣé yúrò tún ti dé láti Ítálì ni?" Ilé tún rẹ́rìn-ín. Alàgbà ní kí ó dákẹ́, kí ó kàn sọ iye pọ́n-ùn.

"Rírà ni àbí títà?"

Alàgbà wo fóònù, ó wò mí, ó ní, "Sọ méjèèjì." Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí, ó ní, "Sọ ti yúrò náà, méjèèjì."

Sàníù ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un. Alàgbà fúnra rẹ̀ ló ṣe ìṣirò náà lórí fóònù rẹ̀, ó ń kà á sókè. Ó pín títà fún títà: ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn jẹ́ yúrò 1,140. Ó pín rírà fún rírà: 1,139. Lẹ́yìn náà ó ṣe é bó ṣe ṣe é lọ́jọ́sí: 1,181. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbé fóònù tèmi fún alága kí ó ka iye tí gbogbo ayé ń lò lónìí. Bàbá Èṣùgbàyí na fóònù jìnnà sí ojú rẹ̀, ó ní, "1,140."

"Èrè àbókí ni," Mùsílímátù kígbe láti ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. "Iye tí mo fi ń ra gàrí ní Lálùpọn, ṣé òun ni mo fi ń tà á fún yín?"

"Ta ló ní kí o wọlé?" ẹnì kan bi í.

"Ẹsẹ̀ mi."

Alàgbà kò tíì jókòó. "Ó dáa," ó ní, "ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n 560 ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ti àbókí. Ẹnu Akọ̀wé la ti gbọ́ 45,880."

"Bí mo bá sọ fún yín lọ́jọ́ Ajé pé iye báyìí ni apẹ̀rẹ̀ tòmátì, tí ẹ wá kó o lọ sọ́jà lọ́jọ́ Ẹtì tó ti já, sà, ṣé èmi ni mo jẹ ìyàtọ̀ rẹ̀?"

"Owó kì í ṣe tòmátì."

"Kí ló wá ń mú un wọ́n lónìí, tó ń já lọ́la?" Bàbá Èṣùgbàyí ló sọ ìyẹn. "Ṣé ₦100 tìẹ ṣì ń ra ohun tó ń rà lọ́dún tó kọjá?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Alàgbà jókòó. Ó tún dìde. "Mo gbà pé mo ṣi ìṣirò," ó ní.

Mo ti ronú lórí ohun tí n ó sọ bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, mo sì sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè. "Ẹ kò ṣi ìṣirò, sà. Ìṣirò yín péye. Olè ni ẹ pè mí."

Mo gbọ́ tí ewé gbígbẹ ń fò lórí páànù.

"Ẹ má bínú, Ìyá Marvellous," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Níwájú gbogbo ilé. Mo tọrọ àforíjì."

"Mo ti gbọ́, sà." N kò sọ pé kò tó ẹ̀bẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára lẹ́yìn ìyẹn. Tọ́ọ̀nù mẹ́wàá kejì ń lọ lóṣù tó ń bọ̀, àwọn oníbàárà sì ti ní àwọn lè di iye pọ́n-ùn sí yúrò mọ́ ti òní bí a bá fẹ́. Gbogbo wọn kọjú sí mi. "Akọ̀wé, ṣé á gòkè àbí á já?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kà á láti ọjọ́ yìí?"

"Mo mọ ohun tó ti ń sún un. Mo lè sọ fún yín pé èlé ni, pé owó orí ni, pé ẹ̀rù ni, pé ìrètí ni. N kò mọ ohun tí yóò dé lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ̀ ọ́n, ẹ fura sí i."

Mo rí i lójú wọn pé ìdáhùn náà kò dùn mọ́ wọn. Alàgbà Elijah ló tún sọ̀rọ̀. "Ká ní ó fẹ́ tàn wá jẹ ni," ó ní fún wọn, kì í ṣe fún mi, "ì bá sọ iye kan."

Bàbá Èṣùgbàyí ní kí a di ìdajì mú mọ́ ti òní, kí a jẹ́ kí ìdajì máa rìn. Wọ́n nawọ́ sí i. Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Mo ní mo gbà, bí ẹnì kan yóò bá máa wo iye náà pẹ̀lú mi, tí yóò sì máa jíṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú mi. Wọ́n bi mí ẹni tí mo fẹ́. Mo ní Alàgbà.

"Èmi?"

"Ẹ̀yin, sà. Ẹ mọ ìṣirò, ẹ sì máa ń fura."

Àìkú, 21

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn kí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo dáhùn olúkúlùkù.

Ọkọ mi pè. Ó ní òun ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ kí ó sọ ọ́.

Ajé, 29

Ọyẹ́ bo òkè. Alàgbà Elijah pè mí kí n tó jẹun àárọ̀. Ohùn rẹ̀ le.

"Akọ̀wé, ẹ ti rí i?"

"N kò tíì ṣí i, sà."

"Ó ti gòkè láti ọjọ́ ìpàdé. Kérésìmesì la sì wà yìí! Báńkì wọn ò fọwọ́ kan èlé, ìjọba wọn ò sọ nǹkan kan. Mo fi ti dọ́là wò ó bí ẹ ṣe ní kí n máa ṣe é. Pọ́n-ùn náà ló gòkè, kì í ṣe yúrò ló já. Ta ló ń rà á nínú ọdún?"

"N kò mọ̀, sà."

"Èmi náà ò mọ̀. Kò jẹ́ kí n sùn dáadáa." Ó tún ní, "Ṣé mo lè yà síbẹ̀ nísinsìnyí?"

Mo ṣì ń bínú sí i. Mo wò ó dáadáa nínú ara mi, ìbínú náà wà níbẹ̀, kò rù, kò sanra. Mo ní kí ó máa bọ̀. Mo gbé àga kejì jáde sábẹ́ igi, mo sì ṣí fóònù mi.